Iná hítà gáàsì wa máa ń relẹ̀ títí á fi kú: ṣé hítà ló bàjẹ́ ni, àbí gáàsì ni kò lágbára?

ỌmọBọ́lọ́rundúró

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa gáàsì. Iléṣà ni mo wà, ní Bọ́lọ́rundúró, nílé màmá mi. Orúnkún ń dùn wọ́n, omi gbígbóná ló sì máa ń bá wọn dẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi ra hítà onígáàsì, èyí tó máa ń gbé omi gbóná bó ṣe ń kọjá nínú rẹ̀, tó ń fi bátìrì ńlá méjì ṣáná. Ẹ̀yìnkùlé la gbé e kọ́, lára ògiri, kì í ṣe inú balùwẹ̀. Sílíńdà kan ṣoṣo, oní 12.5 kílò, ló ń fún òun àti kúkà olójú mẹ́rin ní gáàsì. Ẹni tó bá wa so ó fi irin ẹlẹ́nu mẹ́ta pín rọ́bà sí méjì. Ọ̀kan lọ sí kúkà, èkejì gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù jáde lọ bá hítà.

Ohun tó ń ṣe rèé. Bí màmá bá ṣí omi láàárọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sí ní kíṣíìnì, hítà á ṣáná tà-tà-tà, iná á gbà, omi á gbóná dáadáa. Tó bá jó fún ìgbà díẹ̀, iná tí mò ń wò nínú gíláàsì kékeré iwájú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í relẹ̀, omi á di lọ́wọ́ọ́wọ́, iná á sì kú. Ọṣẹ ṣì wà lójú wọn nígbà yẹn o! Tó bá wá jẹ́ pé a ti gbé iṣu iyán kaná kí wọ́n tó wọ balùwẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni hítà ò ti ní í ṣe dáadáa, iná kúkà pàápàá á di bíńtín.

Bẹ́ẹ̀ gáàsì kò tíì tán. Abẹ́rẹ́ géèjì, ìyẹn ojú kékeré tó wà lára régúlétọ̀, ṣì wà lórí àwọ̀ ewé.

Oníṣẹ́ tó wá wò ó kò pẹ́ rárá. Ó tan ojú kúkà kan, iná jáde ṣáṣá, ó ní, "Ẹ ò rí i? Gáàsì yín ò ní wàhálà. Hítà ló bàjẹ́, ẹ lọ ra tuntun." Ìjẹ̀ṣà ni mí, owó mi kì í dédé jáde. Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó ná an?

Ṣẹ́sàn_Ìlẹ̀kẹ̀

Bátìrì ni. Pààrọ̀ ẹ̀. Èmi náà rí irú ẹ̀.

ỌmọBọ́lọ́rundúró

Mo ti pààrọ̀ bátìrì, ẹ̀gbọ́n. Bákan náà ló rí.

BàbáGáàsìLágéré

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o, ọmọ Ọwá. Ẹni tó ní bátìrì kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ wo bí iná ṣe ń kú. Bátìrì tó ti rẹ̀ kì í jẹ́ kí iná relẹ̀. Iná á ṣì wà ní kíkún, ká tó ṣẹ́jú, ó ti kú pátápátá, nítorí bátìrì ló ń di ilẹ̀kùn gáàsì inú hítà mú ní ṣíṣí. Tiyín ń relẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó kú. Oúnjẹ hítà, ìyẹn gáàsì, ni kò tó o.

Iṣẹ́ gáàsì ni mò ń ṣe ní Lágéré, nílé-Ifẹ̀ níbí. Kí n tó padà wálé, bọ́ílà inú ilé, ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì gbé omi gbóná fún gbogbo ilé, ni mo ń tún ṣe ní Manchester, láti ìgbà tí CORGI ṣì ń forúkọ àwa oníṣẹ́ sílẹ̀, kí Gas Safe tó gbapò wọn ní 2009. Ohun tó ń ṣe yín yìí ló gba ọ̀pọ̀ àárọ̀ mi níbẹ̀.

Ibi tí oníṣẹ́ yín ti ṣìnà ni pé ojú kúkà kan ṣoṣo ló tàn. Ojú kan ò mu nǹkan kan. Régúlétọ̀ tó ti fẹ́ kú, rọ́bà tó ti ká, sílíńdà tó kù díẹ̀ kó tán, gbogbo wọn ló lè bọ́ ojú kan yó. Prẹ́ṣọ̀ tẹ́ ẹ bá wọ̀n nígbà tí ohun gbogbo wà ní pípa, tàbí tí ẹyọ kan ń jó, ẹ̀tàn gbáà ni. Ẹ tan gbogbo ohun tó ń jẹ gáàsì nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ tó sọ pé gáàsì lágbára.

Ní ìlú Ọba, gáàsì tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ wá ni bọ́ílà ń lò. Lẹ́nu mítà, millibar 21 ni wọ́n ń gbé e sí (millibar la fi ń ka prẹ́ṣọ̀ gáàsì). A ó ṣí omi gbígbóná dé ìpẹ̀kun, a ó tan kúkà onílé pẹ̀lú, a ó wá wọn gáàsì lẹ́nu bọ́ílà. Láti mítà dé ibẹ̀, kò gbọdọ̀ pàdánù ju millibar 1 lọ. Ẹ ò bá rí ohun tá a máa ń bá! Wọ́n á yọ bọ́ílà àtijọ́, wọ́n á gbé kọ́ḿbì tuntun síbẹ̀, èyí tó ń gbé omi ṣáwà gbóná lójú ẹsẹ̀, tó ń jẹ gáàsì ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n páìpù 15 mm tó wà nílẹ̀ ni wọ́n á tún so ó mọ́, níbi tó yẹ kí 22 mm gbà. Bí bọ́ílà bá ń sinmi, 21 pé. Bí wọ́n bá bọ́ sábẹ́ ṣáwà, ó já sí 15, 14. Onílé á ti ra bọ́ọ̀dù, á ti ra fááfù, wọ́n á ti ní kó máa múra bọ́ílà tuntun. Páìpù ni kò fẹ̀.

Tiwa níbí, gáàsì sílíńdà ni. Nǹkan bíi millibar 28 sí 30 ni kúkà àti hítà ilé ń fẹ́. Ẹ wo ara hítà yín, ìwé pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá kọ 2800 Pa, 28 náà nìyẹn.

Mo fọkàn sí ọ̀rọ̀ yín, àìsàn méjì ló wà níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń se iyán, iná kéré láti ìbẹ̀rẹ̀: ìyẹn jọ pé ọ̀nà ló há, yálà régúlétọ̀ tàbí rọ́bà. Ìgbà tí hítà dá jó, iná bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó wá ń relẹ̀: ìyẹn jọ ọ̀rọ̀ sílíńdà fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi sílíńdà bẹ̀rẹ̀. Ojú kékeré tẹ́ ẹ gbọ́kàn lé yẹn kì í sọ iye gáàsì tó kù. Prẹ́ṣọ̀ inú sílíńdà ló ń sọ. Níwọ̀n ìgbà tí gáàsì olómi bá ṣì wà nísàlẹ̀, bí kílò méjìlá ni o, bí kílò méjì ni o, bí ojú ọjọ́ bá ṣe gbóná tó ni ojú yẹn á ṣe ga tó. Ẹ gbé sílíńdà lé òṣùwọ̀n. Wọ́n tẹ ìwọ̀n òfìfo rẹ̀ sí ara irin ọrùn rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ohun tẹ́ ẹ bá rí, ohun tó kù ni gáàsì yín.

Ibi tí ojú yẹn ti wúlò rèé: ẹ máa wò ó *nígbà tí hítà ń jó*. Gáàsì olómi gbọ́dọ̀ gba ooru kó tó lè di atẹ́gùn, ara ara rẹ̀ àti ara irin sílíńdà ló sì ti ń gba ooru yẹn. Tẹ́ ẹ bá fà á gan-an, sílíńdà á tutù, prẹ́ṣọ̀ inú rẹ̀ á wálẹ̀. Bó bá kún, olómi tó fara kan irin pọ̀, ooru ń wọlé dáadáa. Bó bá ti dín kù, ibi tó fara kan irin kéré, ó ń tutù kíákíá. Ohun mìíràn tún wà ńbẹ̀. Gáàsì wa, àdàlù propane àti butane ni. Propane ń hó ní ìwọ̀n -42 °C, butane ní bíi -0.5 °C, nítorí náà propane ló ń yára jáde ṣáájú, èyí tó bá kù nísàlẹ̀ pọ̀ ní butane, òun ló sì tètè ń dákẹ́ bó bá tutù. Ní àárọ̀ ọyẹ́ ó tún burú sí i. Ẹ fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ sílíńdà lẹ́yìn ìwẹ̀ màmá. Tó bá tutù tí ìrì wà lára rẹ̀, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti rí àwọn tó ń da omi gbígbóná lé sílíńdà, tàbí tí wọ́n ń gbé e sún mọ́ iná kó lè "yá". Ẹ má dán an wò láé.

Ó ku régúlétọ̀ àti rọ́bà. Ẹ yí régúlétọ̀ dání kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára: millibar mélòó, kílò mélòó ní wákàtí kan. Kílò gáàsì kan ní agbára bíi kílówáàtì 13 fún wákàtí kan. Hítà oní 12 kW nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ kílò kan láàárín wákàtí kan. Tí régúlétọ̀ yín bá jẹ́ oní kílò 1, hítà nìkan ti gbà á tán, kí wá ni kúkà á jẹ? Rọ́bà, ẹ tẹ̀ lé e láti orí dé ìdí, pàápàá ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Ibi tẹ́ ẹ ò rí ni mo fura sí jù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i kedere, ẹ ní kí oníṣẹ́ gáàsì tó mọṣẹ́ mú rọ́bà lẹ́bẹ́lì wá, èyí tó mọ́ kedere tí bíríkìlà fi ń wọn ilẹ̀. Kó da omi sí i, kó gbé e bíi lẹ́tà U, kí apá kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà kan, kó so ẹnu kan mọ́ ibi tí gáàsì ń gbà wọ hítà pẹ̀lú irin ẹlẹ́nu mẹ́ta, kí ẹnu kejì ṣí sílẹ̀ ní gbangba, jìnnà sí hítà. Ìyàtọ̀ láàárín omi apá kan àti èkejì ni prẹ́ṣọ̀ yín: sẹ̀ǹtímítà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó millibar kan gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn régúlétọ̀ nìkan ni wọ́n ti ń ṣe èyí o. Ẹni tó bá so ó mọ́ sílíńdà tààrà ti wá ìjàngbọ̀n. Kí ẹnì kan dúró ti sílíńdà pẹ̀lú ọwọ́ lórí ìdè rẹ̀, ìyẹn fááfù tí wọ́n fi ń pa gáàsì. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, omi ọṣẹ ni kẹ́ ẹ fi yẹ gbogbo oríkèé wò, kì í ṣe ìṣáná.

AlásèMayfair

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dákun, mo fẹ́ ya ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Èmi ń dín small chops ní Mayfair, ẹ̀yin ará Ifẹ̀ ni mò ń tà fún. Ẹnì kan ní kí n ra régúlétọ̀ ńlá tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí, pé iná kúkà mi á ṣe gìrì. Ṣé òótọ́ ni? Hítà tèmi náà wà nínú balùwẹ̀, iná rẹ̀ sì pupa rúsúrúsú, ó ti ń da èéfín dúdú sára ògiri. Orí máa ń fọ́ ọmọ mi obìnrin tó bá wẹ̀ tán, mo rò pé ooru ni.

BàbáGáàsìLágéré

Màmá, ẹ pa hítà yẹn báyìí. Kì í ṣe ooru. Iná tó pupa tó ń da èéfín dúdú kò rí atẹ́gùn tó, ó ń tú carbon monoxide jáde. Kò ní òórùn, ojú ò rí i, orí fífọ́ àti òòyì ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń pa ènìyàn sínú balùwẹ̀ tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ má ní kẹ́ ẹ kàn ṣí fèrèsé. Kí ẹnikẹ́ni má fi wẹ̀ mọ́ títí wọn á fi gbé e síta, kí wọ́n sì fọ inú rẹ̀. Ẹ tún mú ọmọ lọ rí dókítà, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ sọ fún mi yìí fún un.

Régúlétọ̀ àwọn oníbúrẹ́dì, rárá o. Ti bánà ńlá ni, prẹ́ṣọ̀ rẹ̀ ju ti kúkà ilé lọ lọ́nà tó pọ̀. Ìdè kúkà, rọ́bà, oríkèé, kò sí èyí tí wọ́n ṣe fún un. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ bi í pé ṣé kúkà tirẹ̀ ló fi dán an wò.

AlásèMayfair

A ti pa á, bàbá. À ń lọ sí ọsibítù nísinsìnyí. Ẹ ṣé gan-an.

ỌmọBọ́lọ́rundúró

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wá oníṣẹ́ gáàsì mìíràn nítòsí ọjà Atákúnmọ́sà, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan. Bíríkìlà àdúgbò yá wa ní rọ́bà lẹ́bẹ́lì, òun náà sì dúró wòran. Ohun tá a rí nìyí.

Sílíńdà: òfìfo rẹ̀ jẹ́ 12.9, lórí òṣùwọ̀n ó jẹ́ 16.8. Kílò mẹ́rin ni kò pé, bẹ́ẹ̀ ojú yẹn wà lórí àwọ̀ ewé bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́! Régúlétọ̀: 30 mbar (millibar), kílò 1 ní wákàtí kan. Hítà: 12 kW, 2800 Pa bí ẹ ṣe wí.

Omi inú rọ́bà, lẹ́nu hítà: tí ohun gbogbo wà ní pípa, millibar 34. Ojú kúkà kan, 31, ìyẹn ni oníṣẹ́ àkọ́kọ́ rí tó fi ní kí n lọ ra hítà. Hítà nìkan, 26 ní ìbẹ̀rẹ̀. A jẹ́ kó jó. Omi inú rọ́bà dúró díẹ̀, ó wá ń wálẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń fi kóòmù fa ìlà, abẹ́rẹ́ ojú yẹn náà ń kúrò lórí àwọ̀ ewé bọ́ sórí pupa. Bó ṣe dé 12, hítà kú. Ìrì wà ní ìsàlẹ̀ sílíńdà, ìlà rẹ̀ hàn kedere yí i ká, ó dúró gẹ́lẹ́ síbi tí olómi dé.

A jẹ́ kí sílíńdà gbóná padà, a wá tan hítà pẹ̀lú ojú kúkà méjì: 15 láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé rọ́bà ni àbí régúlétọ̀?

BàbáGáàsìLágéré

Inú mi dùn sí ìlà ìrì yẹn. Ó pọ̀ lára àwọn oníṣẹ́ tí kò tíì fojú rí i rí.

Ẹ má ra nǹkan kan ná. Ẹ gbé rọ́bà lẹ́bẹ́lì yẹn kúrò lẹ́nu hítà, ẹ so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ régúlétọ̀ gan-an, kí hítà àti ojú méjì yẹn tún máa jó. Ohun tó bá kù kó tó 28 níbẹ̀, ẹ̀bi régúlétọ̀ ni. Ohun tó bá tún bọ́ láàárín ibẹ̀ àti hítà, ẹ̀bi rọ́bà ni. Nọ́ńbà méjèèjì ni kẹ́ ẹ bá mi wá.

ỌmọBọ́lọ́rundúró

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ régúlétọ̀, 21. Lẹ́nu hítà, 15.

A fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri. Rọ́bà ti pẹlẹbẹ níbi tí ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó tún le gbagidi, ó ní àmì wíwú. Ẹ̀yin náà ti sọ ọ́.

BàbáGáàsìLágéré

Àwọn méjèèjì jẹ̀bi, nígbà náà, régúlétọ̀ jù ú díẹ̀ ni. Ẹ ra régúlétọ̀ oní 30 mbar, kílò 2 ní wákàtí kan, kì í ṣe oní prẹ́ṣọ̀ ńlá o. Rọ́bà tuntun fún hítà, kó gba ọ̀nà tí ojú ń rí, kó má gba abẹ́ ohunkóhun, kó má sì gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyẹn á tún ọ̀ràn iyán ṣe. Kò ní tún ọ̀ràn sílíńdà tó ń tutù ṣe, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní nǹkan lórí ìyẹn. Kí hítà ní sílíńdà tirẹ̀, kó wà níta níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́, kẹ́ ẹ sì máa rọ ọ́ kó tó dín ju ààbọ̀ lọ. Tí kò bá tíì sí owó sílíńdà kejì, ẹ dín iná hítà kù díẹ̀ kẹ́ ẹ dín omi kù pẹ̀lú. Omi tó dín á ṣì gbóná, gáàsì tó ń fà á sì kéré.

Ṣẹ́sàn_Ìlẹ̀kẹ̀

Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà, òṣómàáló! Ẹ ti sọ omi ìwẹ̀ di ìdánwò yunifásítì. Mo ń lọ gbé sílíńdà tèmi lé òṣùwọ̀n ṣá.

ỌmọBọ́lọ́rundúró

Régúlétọ̀ dé, rọ́bà dé, mo sì wá sílíńdà kejì fún hítà. Lẹ́nu hítà báyìí, bó ṣe ń jó, 28. Màmá wẹ̀, wọ́n jáde, wọ́n ní omi ti gbóná jù, kí n lọ dín in kù.

Ìbéèrè kan ló kù: régúlétọ̀ àtijọ́ yìí, ṣé kí n sọ ọ́ nù?

BàbáGáàsìLágéré

Tí kò bá jò lábẹ́ omi ọṣẹ, ó dára fún sítóòfù olójú kan. Ẹ kọ "ojú kan" sí i lára, kí ẹnì kan má lọ fà á yọ lọ́la so ó mọ́ hítà. Rọ́bà ni kẹ́ ẹ gé sí méjì kẹ́ ẹ tó jù ú sí ààtàn, nítorí àwọn kan máa ń ṣa á.